Bí Ìrù Ṣe Dé Ẹnu Ẹja Àrọ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ohun gbogbo ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, ńṣe ni ẹja àrọ̀ máa ń nà gbọọrọ lórí iná bí ọmọrogùn. Kò ká, kò sì tẹ̀.

Ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ kọ́ ló ń yọ àwọn ènìyàn lẹ́nu, ẹnu rẹ̀ ni. Ara àrọ̀ a gbẹ, ìrù rẹ̀ a gbẹ, ẹnu rẹ̀ kò ní gbẹ. Orí pẹpẹ tó wà lókè iná ni yóò dùbúlẹ̀ sí, tí yóò máa ròyìn ilé fún ará ìta.

"Ẹ̀yin ará àdúgbò o! Ọbẹ̀ ti jóná nílé yìí! Bàbá ilé jí ẹran inú ìkòkò jẹ, ó ní ológbò ni!"

Irú ní tirẹ̀, oníwà jẹ́jẹ́ ni. Nígbà náà, kò rùn rárá. Bí wọ́n bá ti sè é jinná, wọn a dà á sọ́bẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó mọ́, ó ń dán, kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ní abúlé kan létí odò, ìyàwó kan wà tó ń jẹ́ Awẹ̀ró. Kò tíì pẹ́ nílé ọkọ. Apẹja ni Ajàgbé ọkọ rẹ̀, ìyá Ajàgbé sì ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ìyá yìí fẹ́ràn Awẹ̀ró gan-an. Òun ló ń bá a di irun. Bí òtútù bá mú, aṣọ tirẹ̀ ló ń fà bò ó. Awẹ̀ró náà kò ní ìyá mìíràn, nítorí ìyá tó bí i ti kú kí ó tó kọ́ ọ ní ọbẹ̀ sísè.

Ní ọdún kan, òjò pọ̀, òtútù sì wọ Ìyá lára. Imú rẹ̀ dí. Ohùn rẹ̀ há pátápátá, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nìkan ló lè sọ̀rọ̀. Èyí tó burú jù ni pé kò lè jẹun mọ́. Awẹ̀ró se ọbẹ̀ ilá, Ìyá fi ìka tọ́ ọ wò, ó ti àwo padà. Ó se ẹ̀fọ́, ó se ẹ̀gúsí, ibi kan náà ni wọ́n já sí. Ìyá ń rù, egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ síta. Ẹ̀rù ba Awẹ̀ró. Ó ti sin ìyá kan, kò fẹ́ sin èkejì.

"Ẹ gbọ́ o!" ni àrọ̀ orí pẹpẹ ń ké. "Ìyá tún ti àwo padà! Ìyàwó yìí kò mọ ọbẹ̀ sè! Ebi ni yóò pa ìyá onílé!"

Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́. Awẹ̀ró fi ìborùn bojú, ó sunkún.

Nígbà tí ó yá, ó ju àrọ̀ ẹlẹ́nu gbogboro yẹn sínú ọbẹ̀, ó ní kí ọkọ òun wá òmíràn lọ. Ó sì gbé irú kaná fún ọbẹ̀ tuntun. Ó sè é, ó tẹ èèpo rẹ̀ kúrò, ó fọ̀ ọ́, ó tún un sè. Ó dà á sínú igbá, ó fi ewé àti àkísà bò ó kí ó má baà tutù, ó gbé e sẹ́bàá ààrò.

"Dúró dè mí níbẹ̀," ni Awẹ̀ró wí. "Mo ń bọ̀ wá mú ọ."

Bí ó ti ń sọ èyí ni Ìyá pàtẹ́wọ́ pè é. Awẹ̀ró sáré lọ kúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹní.

"Ìyá, kí ni ẹnu yín ń fẹ́? Ẹ ṣáà sọ fún mi."

"Àrọ̀ ni, ìyàwó mi," ni Ìyá wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bí ìyá mi ṣe máa ń sè é. Fi irú sí i lẹ́nu kí o tó yan án. Ibẹ̀ ni adùn wà."

Irú ni Ìyá wí o, irú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn tó há kò mọ òkè, kò mọ ilẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò. Ẹ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni ń sọ àṣírí: ẹ pe irú, kí ẹ tún pe ìrù. Ṣé ẹ gbọ́ ìyàtọ̀? Awẹ̀ró náà kò gbọ́. Ìrù ló gbà lọ.

Ọ̀rọ̀ náà yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò jiyàn. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i.

Ajàgbé gbé àrọ̀ ńlá kan dé láti odò. Àrọ̀ náà kò tíì dé ilẹ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

"Ṣé ìwọ ni Awẹ̀ró? A ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ nínú omi! Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ pàápàá mọ̀ pé ọbẹ̀ rẹ kò ṣeé jẹ!"

Awẹ̀ró gbà á lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó sì ká ìrù rẹ̀ sókè.

"Hà! Kí lò ń ṣe? Ta ló ń jẹ ìrù ara rẹ̀? Ṣé orí rẹ pé ṣá? Màá sọ fún gbogbo a..."

Ìrù bọ́ sí i lẹ́nu. Awẹ̀ró fi igi ìgbálẹ̀ kan gún un pọ̀, ó gbé e sórí pẹpẹ.

"Hùn-ùn," ni àrọ̀ wí.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti àrọ̀ mú ọ̀ràn bá ìrù. Ilé parọ́rọ́, títí àwọn aládùúgbò fi ń yọjú bi Awẹ̀ró pé, "Ṣé kò sí o? A ò gbọ́ nǹkan kan lónìí."

Ẹja yíyan kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Ilẹ̀ ń ṣú, ilẹ̀ ń mọ́, Awẹ̀ró ń koná, ó ń yí ẹja padà. Irú wà nínú òkùnkùn, ó ń retí. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ṣe sùúrù. Nígbà tó yá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Ara rẹ̀ gbóná, ó làágùn, òógùn náà sì ń fà yọ̀ọ̀.

Nígbà tí ẹja gbẹ, Awẹ̀ró gbé e lọ fún Ìyá wò. Ó ká róbótó bí òṣùká. Ìyá wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un, ikọ́ náà sì la ọ̀fun rẹ̀.

"Awẹ̀ró! Irú ni mo wí, irú! N kò wí ìrù!"

"Yé!" Awẹ̀ró gbé ọwọ́ lérí. "Ìyá, ẹ má bínú. Mo gbàgbé irú!"

Ó sáré lọ ṣí igbá. Òórùn tú jáde, ó gba ilé ìdáná, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bọ́ síta. Awẹ̀ró dí imú, ó gbé igbá náà, ó fẹ́ lọ dà á nù.

"Dà mí nù," ni irú wí pẹ̀lú ẹkún. "O ní kí n dúró dè ọ́. Mo dúró."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Awẹ̀ró dọ́kàn. Ó gbé igbá kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún irú bí ẹni kúnlẹ̀ fún àgbà.

"Jọ̀wọ́, má bínú. Bí o ti rí yìí náà, wá bá mi sebẹ̀ fún ìyá mi, kó má kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Irú dá ẹkún dúró. "Mo gbà. Ṣùgbọ́n n kò ní dákẹ́ mọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń sè mí, ará ìta gbọ́dọ̀ gbọ́."

"Wọ́n á gbọ́," ni Awẹ̀ró wí.

Ohùn kan wá láti inú yàrá. "Awẹ̀ró! Kí ló ń rùn bẹ́ẹ̀?"

Ìyá tí imú rẹ̀ ti dí látọjọ́ yìí ló ń sọ̀rọ̀!

"Ìyá, ṣé ẹ gbọ́ òórùn?"

"Mo gbọ́ ọ, itọ́ sì ti kún ẹnu mi. Tètè o, ìyàwó mi!"

Awẹ̀ró da epo sí ìkòkò, ó da ata sí i, ó da irú sí i, ó fi àrọ̀ lé e. Àrọ̀ tó ti ká kò fọ́ sọ́bẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá fi ìka tọ́ ọbẹ̀ wò. Ó bu òkèlè kan, ó bu òmíràn. Ó fi ọwọ́ nu àwo mọ́, kò sì tì í padà, ńṣe ló nà án sí Awẹ̀ró.

"Bu sí i."

Awẹ̀ró di ìgbakọ mú, ó ń bu ọbẹ̀, omi ayọ̀ ń dà lójú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń ká ìrù àrọ̀ sí i lẹ́nu kí wọ́n tó yan án, tí a sì ń pè é ní ẹja kíká. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń bo irú kí ó tó wọ ọbẹ̀, tí ó sì ń rùn dé ilé kẹta. Irú ló ń ròyìn ilé báyìí, ṣùgbọ́n ìròyìn kan ṣoṣo ló mọ̀: pé ẹnì kan wà nílé yìí tó ń sebẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ràn.

Bí ẹ bá ní irọ́ ni mo pa, ẹ lọ bi àrọ̀ tó wà nílé ìdáná ìyá yín. Kò ní dá yín lóhùn. Ìrù ló wà lẹ́nu rẹ̀.