Ọdẹ́bùnmi Tó Dá Ọjà Sílẹ̀ Láàárín Odò

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ní Ìràpó, ilẹ̀ ti rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ́ tí wọn yóò fi kọ ebè. Igi làwọn ọkùnrin fi ń walẹ̀. Bí oṣù yẹn bá kọjá láìgbin iṣu, ebi ni yóò pa ìlú run. Ní òdìkejì odò Àríràn, Èjìgún tó ní àgbẹ̀dẹ mẹ́rìnlá ń jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, nítorí ọwọ́ wa ni iyọ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí ló fà á? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo! Ọba wa rán ìránṣẹ́ rẹ̀, Láwọnrẹ́, pé kí Èjìgún fi igba ọkọ́ ránṣẹ́ kíákíá. Ohùn àwa ará Ìràpó máa ń wálẹ̀ bí a bá ń sọ̀rọ̀. Ọ̀kọ̀ ni ọba Èjìgún gbọ́. Igba ọ̀kọ̀! Ó ní ogun la fẹ́ gbé. Ó ti odò, ó ní ẹni tó bá sọdá, orí rẹ̀ á lọ. Ọba tiwa náà kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ti iyọ̀ mọ́lé. Ọgbọ̀n ìjòyè wa jókòó lé ọ̀rọ̀ yìí lórí fún odindi oṣù kan kí òjò tó dé, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó ní ká lọ bi wọ́n.

Ọdẹ́bùnmi Àwẹ̀ró ló lọ. Ìyá àwọn baba wa, obìnrin gíga tí í bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé, aláyà líle, opó tó fi iyọ̀ títà tọ́ ọmọ márùn-ún. Ó ru ọkọ́ kan tó ti kán, ó wọ́dò kọjá lọ́sàn-án gangan. Àwọn ẹ̀ṣọ́ na ọ̀kọ̀ sí i láyà.

“Ìyá, ẹ padà! Ṣé ẹ fẹ́ kú ni?”

“Ṣé ebi ò ti ń pa mí kú ná? Ẹ mú mi lọ bá ọba yín.”

Ẹ̀ṣọ́ kan mú un lọ. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọba, ó gbé ọkọ́ tó kán náà sílẹ̀. “Kábíyèsí, wọ́n ní ẹ ní ọ̀kọ̀ la tọrọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí ọmọkùnrin yín yìí fi ọ̀kọ̀ ọwọ́ rẹ̀ kọ ebè kan péré kí n rí i. Èyí la wí o. Atúlẹ̀! Ẹ̀yin lẹ gbọ́ ogun.”

Àwọn ìjòyè bú sẹ́rìn-ín. Ọba náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó máa lọ. Ṣùgbọ́n ó ní, “Kí n tó ṣí odò, kí ọba yín kọ́kọ́ ṣí iyọ̀ tirẹ̀.”

Obìnrin náà wọ́dò padà wálé. Ọba tiwa ní, “Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí odò tiwọn.”

Ọdẹ́bùnmi pòṣé. “Kábíyèsí, ẹ má wulẹ̀ ṣí i mọ́. Ẹ jókòó. Àwa náà ò ní sọdá.”

Ó gbé àpò iyọ̀ tirẹ̀ lọ sórí iyanrìn tó yọ láàárín odò, ibi tí kì í ṣe ti ọba kankan, ó ké sí àwọn alágbẹ̀dẹ Èjìgún: “Ẹ gbé atúlẹ̀ wá o! Ẹ ò sọdá, èmi náà ò sọdá!” Ọjọ́ kẹta, èrò kún orí iyanrìn fọ́fọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ dúró létí odò méjèèjì pẹ̀lú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́, wọn ò rí ẹni tí wọn yóò gún. A gbin iṣu lọ́dún náà.

Ọba méjèèjì wàjà láìṣí odò. Títí dòní, ní Ọjà Àárín Odò, atúlẹ̀ là ń pe ọkọ́. Àlejò tó bá ṣèèṣì pè é ní ọkọ́, a ó fún un ní igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó, a ó ní kó fi kọ ebè kan ká rí i.