Ìbéèrè Tí Ẹni Tó Kọ Ọ́ Kò Lè Tú

Ọkùnrin kan wà ní ilé ìwòsàn ńlá kan. Òun ló ń kọ ìbéèrè tí kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ń dáhùn. Bí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ mọ irú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan, tàbí oògùn tó lè gbòdì lára rẹ̀, ìbéèrè ọkùnrin yìí ni kọ̀ǹpútà máa fi wá a nínú fáìlì àwọn aláìsàn.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kọ fún gbogbo rẹ̀. Lọ́dọọdún ló ń fi kún un. Ó so orúkọ mọ́ àìsàn, ó so àìsàn mọ́ oògùn, ó so oògùn mọ́ wọ́ọ̀dù, títí tí kò fi sí ẹlòmíì tó lè mọ ìdí rẹ̀. Inú rẹ̀ sì ń dùn sí i bẹ́ẹ̀.

Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún un pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gé e sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀rọ yìí ti gbó, àwọn aláìsàn sì ń pọ̀ sí i.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹni tí kò bá yé, kó lọ kàwé sí i.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n gbé aboyún kan wọlé, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tẹ orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í tú fáìlì gbogbo aláìsàn tó ti wọ ibẹ̀ rí, nítorí ohun tí ìbéèrè náà ní kó ṣe nìyẹn. Kò mú nǹkan kan jáde. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà, ó sì dé.

Ọkọ aboyún náà ń wo kọ̀ǹpútà. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló ń wá tó bẹ́ẹ̀? Ìyàwó mi nìkan la béèrè.”

Ọkùnrin náà ṣí ìbéèrè rẹ̀ kó lè gé e. Ó kà á lọ, ó kà á bọ̀, kò rántí ìdí tó fi so èyí mọ́ ìyẹn. Nígbà tó yá, dókítà kò dúró mọ́. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà, wọ́n ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ lákọ̀tun.

Ìyá yè é. Ọmọ kò yè é. Dókítà ní òun kò lè sọ bóyá ìdúró yẹn ló fà á. Ọ̀rọ̀ náà kò tu ọkùnrin yìí nínú. Nígbà tí ọkọ obìnrin náà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ó bọ ọkùnrin tó kọ ìbéèrè náà lọ́wọ́. Ọkùnrin náà kò lè gbójú sókè wò ó.

Ó wá bá obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ó ní, “Àbúrò, jókòó tì mí. Bá mi gé e.”

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò bá yé ẹnikẹ́ni, má tíì pè é ní ọgbọ́n. Kọ́kọ́ wò ó bóyá ó yé ìwọ fúnra rẹ, nígbà tí ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ bá ń dúró.