Ọ̀pẹ́dìran àti Egbò Asofẹ́yẹjẹ

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹnu gbogbo wa ni òwe yìí wà, àfi bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pa á, ṣé ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ dákẹ́? Ẹ fara balẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni màá sọ ọ́.

Akọpẹ ni Ọ̀pẹ́dìran, ní Abà Pónlé. Ojú rẹ̀ kòrókòró ni igbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ń gun ọ̀pẹ ti já, tí ọ̀rẹ́ náà ré bọ́, tó sì kú. Láti ọjọ́ náà, bí Ọ̀pẹ́dìran bá ti fọwọ́ kan igbà, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì. Kì í rí oorun sùn mọ́. Ṣùgbọ́n akọpẹ wo ló máa ń sọ pé òun ń bẹ̀rù ọ̀pẹ? Wọn á fi ṣe yẹ̀yẹ́ dọ́jọ́ alẹ́ ni. Kò sọ fún Àṣàbí ìyàwó rẹ̀, kò sọ fún Láṣebìkan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kọ ẹyìn. Ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta ewé àti egbò ló gbà lọ.

"Kí ló ń ṣe ọ́, ọmọ mi?"

"Oorun ò kùn mí mọ́, ìyá."

"Ṣé oorun nìkan ni?"

"Òun nìkan náà ni."

Ìyá fún un ní egbò asofẹ́yẹjẹ, ó ní kó máa mu omi rẹ̀ tó bá fẹ́ sùn. Ọ̀pẹ́dìran sùn lóòótọ́. Nígbà tó rí i pé ó ń mú ọkàn òun rọlẹ̀, ọgbọ́n àgbọ́njù dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú mu láàárọ̀ pẹ̀lú, kí àyà má baà já a nídìí ọ̀pẹ.

Ó mu ún lọ́jọ́ kan, ó gun ọ̀pẹ gíga kan. Ó dé òkè tán ni ojú rẹ̀ bá ń ṣú, apá rẹ̀ rọ, igbà sì ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nísàlẹ̀, Àṣàbí ń ṣa ẹyìn, Láṣebìkan ń pọ́n àdá. Wọ́n rò pé iṣẹ́ ló ń ṣe lókè. Ìtìjú ní kó má fọhùn. Kò fọhùn. Igbà tún yọ̀. Bó bá bọ́, ó parí nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wá pè, "ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò lè sọ̀ kalẹ̀."

Láṣebìkan ò rẹ́rìn-ín. Ó ju àdá sílẹ̀, ó fi igbà tirẹ̀ gun ọ̀pẹ náà dé abẹ́ àbúrò rẹ̀, ó fi èjìká gbé e ró, wọ́n sì jọ ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ wọn fi kanlẹ̀. Ọ̀pẹ́dìran jókòó, ó sunkún bí ọmọdé.

Láṣebìkan ní, "Ọjọ́ wo ni ẹ̀rù ọ̀pẹ kì í ba èmi? Èmi náà ò sọ ni."

Nígbà tí ìyá eléwé gbọ́, inú bí i. Ó ní, "Mo bi ọ́ o. Ká ní o sọ pé ọ̀pẹ ló ń já ọ láyà, ṣé màá fún akọpẹ ní ohun tó ń mú ara rọ láì kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ mu ún gun ọ̀pẹ? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti di òwe. Àwọn àgbà máa ń pa á fún ẹni tí nǹkan ń jẹ lọ́kàn, tí wọ́n bi í pé kí ló dé, tó ní kò sí nǹkan. Bí wọ́n bá pa á fún ọ, wọ́n ń bẹ̀ ọ́ pé kó o sọ̀rọ̀ kí igbà tó yọ̀ tán ni.