Ọmọ Ìyá Méjì àti Àwọn Òṣìṣẹ́ Ebu Ìkòkò

Ọyátọ́mi àti àbúrò rẹ̀, Ẹfúnlékè, ni ìyá wọn fi ebu tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò sílẹ̀ fún ní ìlú Òkè-Amọ̀. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn débi pé ọ̀kan kì í jẹun kí èkejì má jẹ. Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nìkan ni kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn yé. Lápá ti Ọyátọ́mi, ẹni tó bá mọ ìkòkò púpọ̀ jù kí ọjọ́ ọjà tó pé a gba aṣọ tuntun. Ẹni tó bá ba iṣẹ́ jẹ́, ilé yá. Lápá ti Ẹfúnlékè, wọn kì í lé ẹnikẹ́ni. Bí ìkòkò kan bá sán, gbogbo wọn á jókòó yí i ká, wọn á máa sọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Lóde òní, àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn. Wọ́n ní ọ̀gá ará Amẹ́ríkà a máa fún ẹni tó yára lẹ́bùn, a sì máa tètè lé ẹni tó kùnà. Wọ́n ní ti Yúróòpù a máa bá òṣìṣẹ́ jókòó sọ̀rọ̀, kì í ṣàdédé lé e. Wọ́n ní ìmọ̀ tuntun ni. Tuntun níbo? Ṣé kì í ṣe ohun tí àwọn obìnrin méjì yìí ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ náà nìyẹn?

Ọmọ kan tó ń jẹ́ Àyọ̀ká ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọyátọ́mi. Kò ní ìyá, kò ní bàbá, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Ọyátọ́mi fẹ́ràn rẹ̀, kò kàn jẹ́ sọ ọ́ jáde ni.

Nígbà tí ọjà ku ọ̀la, Àyọ̀ká kó ìkòkò tirẹ̀ tí kò tíì gbẹ mọ́ ti gbogbo ebu. Wọ́n kó koríko bò wọ́n, wọ́n finá sí i. Kò pẹ́ tí ìkòkò tútù náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàù gbàù, tí àpáàdì ń fò kiri. Ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló bàjẹ́ pọ̀.

Amọ̀ ti bo ọwọ́ ọ̀tún Ọyátọ́mi dé ìgúnpá. Ọwọ́ òsì ló fi di etí Àyọ̀ká mú, ó ń wọ́ ọ lọ sẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká jókòó sọ ọ́,” Ẹfúnlékè bẹ̀ ẹ́.

“Ìwọ jókòó. Àwọn tìrẹ ti jókòó títí ìdí wọn fẹ́ẹ̀ ta gbòǹgbò. Ìkòkò wo ni wọ́n mọ?”

“Wọn ò mọ púpọ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n mọ gbẹ.”

Ọyátọ́mi yíjú sí ọmọ náà. “Ṣé o ò mọ̀ pé wọ́n ṣì tutù ni?”

“Mo mọ̀, Ìyá. Bí mo bá ní kẹ́ ẹ dúró dè mí, ẹ ó ní mo lọ́ra, ẹ ó lé mi. Abíọ́nà tá a jọ ń ṣiṣẹ́ náà fọwọ́ kàn wọ́n, ó dákẹ́ nítorí aṣọ tuntun tó fẹ́ gbà.”

Ọyátọ́mi dúró gbagidi. Ẹni méjì mọ̀, kò sì sí èyí tó lè sọ fún un. Ó wo ojú ọ̀nà. Níbo ni ọmọ yìí máa sùn?

Kò fi etí náà sílẹ̀. “O ṣe ohun tí kò dáa. Ìwọ lo máa wa amọ̀ tí a ó fi mọ òmíràn. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Ìyá.”

Ó wá na ọwọ́ ọ̀tún, tòun tamọ̀, ó fi gbá a mọ́ àyà. “Bí nǹkan bá tutù, sọ fún mi. Mi ò ní lé ọ.”

Ẹfúnlékè bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ ti fi amọ̀ kun ọmọ ọlọ́mọ.”

“Ta ni ọlọ́mọ? Èmi ni mo ni ín. Ìwọ náà lọ bá àwọn tìrẹ wí.”

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé, bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra.