Ọ̀kẹ́rẹ́ Tó Júbà Ara Rẹ̀

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Ṣé bí ẹ ṣe ń dáhùn nìyẹn? Nígbà tí ẹ ń jẹ ẹ̀wà, mo gbóhùn yín délé kejì. Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Ẹn-ẹ́n. Inú ń bí mi lálẹ́ yìí, ẹ má ṣe bí ẹni pé ẹ ò mọ̀. Olùkọ́ yín pàdé mi lọ́nà. Ó ní kí ẹ kọ àròkọ wá, ẹ lọ da ohun tí ẹlòmíràn kọ sínú ìwé kọ, ẹ wá fi orúkọ ara yín lé e lórí. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ wá ìwé lọ, ti ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n dà kọ. Ládélé, má wolẹ̀. Èmi ni kí o máa wò.

— Ìyá àgbà, ṣé àlọ́ nìyẹn?

Àlọ́ ń bọ̀, Ìbíyẹmí. Jẹ́ kí n bínú tán ná.

Ní ìgbà kan rí, ìyàn mú ní ìlú kan tí èèyàn àti ẹranko jọ ń gbé. Ìyàn ọ̀hún le. Iṣu tán nínú àká, àgbàdo gbẹ lóko, omi gbígbóná làwọn ọmọ ń mu sùn. Ohun kan ṣoṣo tó kù nínú igbó ni gúdúgúdú, iṣu olóró tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á wú, á máa bì, ó sì lè kú.

Opó kan wà lẹ́yìn odi ìlú, Ìyá Abídèmí ni wọ́n ń pè é. Obìnrin yìí ló jókòó ti gúdúgúdú. Ó sè é báyìí, kò dáa. Ó sè é bọ́ọ̀hún, kò dáa. Ó ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń wú, kò jáwọ́. Nígbà tó yá, ó mọ bí oró ṣe ń jáde lára rẹ̀. Ó bẹ ẹ́, ó gé e wẹ́wẹ́, ó rẹ ẹ́ sínú omi eérú, ó fọ̀ ọ́, ó wá gbé e kaná.

Ọ̀kẹ́rẹ́ wà lórí igi ìyeyè ẹ̀yìn ilé rẹ̀.

— Kí ló ń ṣe níbẹ̀?

Ó ń yọjú wo ohun olóhun ni. Ó rí i tó bẹ ẹ́. Ó rí i tó gé e. Ó rí omi eérú, ó rí fífọ̀. Bí ìkòkò ṣe kaná báyìí, ó ní, "Ó tán, mo ti mọ̀ ọ́n." Kò dúró kó hó. Kò sọ̀ kalẹ̀ kó wí pé, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?" Abéèrè kì í ṣìnà, àmọ́ ojú ń ti Ọ̀kẹ́rẹ́ láti béèrè. Ààfin ọba ló sáré lọ tààrà.

Àṣà kan wà ní ìlú yẹn. Ẹni tó bá mú ohun tuntun wá sí gbangba, á bu omi sílẹ̀, á júbà ẹni tó kọ́ ọ, á sì dárúkọ rẹ̀ kí gbogbo ìlú gbọ́. Bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu. Àti pé, bí ohun náà bá dojú rú lọ́la, wọ́n á mọ ilé ẹni tí wọ́n máa sáré lọ.

Ọ̀kẹ́rẹ́ bu omi sílẹ̀. Ó ní, "Mo júbà orí mi. Mo júbà ọpọlọ mi. Ọwọ́ ara mi ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ gúdúgúdú."

Àgbò, tó jẹ́ olórí àwọn àgbà ìlú, wò ó títí. "Ọ̀kẹ́rẹ́, ṣé kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ni?"

"Ta ló gbọ́n jù mí lọ níbí tó máa kọ́ mi?"

Ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́. Ọba bọ́ fìlà orí rẹ̀ fún un, ó fi í jẹ Baba Ìmọ̀.

— Wọn ò bi í mọ́?

Wọn ò bi í mọ́. Ebi ń pa wọ́n, ikùn ni wọ́n fi ń ronú. Àwọn náà jẹ̀bi, mi ò ní torí ebi kí n má sọ ọ́.

Gbogbo ìlú wọgbó, wọ́n hú gúdúgúdú. Wọ́n bẹ ẹ́, wọ́n gé e, wọ́n rẹ ẹ́, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sè é. Ẹ tẹ́tí o. Omi tí Ìyá Abídèmí bá kọ́kọ́ fi sè é, ńṣe ló ń dà á nù, torí inú omi yẹn ni oró tó kù ń wọ̀ sí. Omi mìíràn ló fi ń sè é jinná. Ọ̀kẹ́rẹ́ ò rí ìyẹn. Àwọn ará ìlú jẹ gúdúgúdú tomitomi, àwọn ọmọ ni wọ́n sì kọ́kọ́ bù fún, torí àwọn lebi ń pa jù.

Wọn ò tíì fọ abọ́ táwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Àwọn ìyá gbé wọn wá sí ààfin.

Ọba ní, "Baba Ìmọ̀, kí la máa ṣe sí i?"

Kò mọ̀.

"Ta ló kọ́ ọ, ká sáré lọ bi í?"

"Orí mi ni, Kábíyèsí."

Àgbò ní, "Ó dáa. Bi orí rẹ léèrè."

Ibẹ̀ ni ìyàwó Ọ̀kẹ́rẹ́ wọlé, ọmọ wọn kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀, ìfòfó lẹ́nu ọmọ. Obìnrin yìí fi ẹkún kọrin. Ẹ bá mi gbè é, "wéréǹdé" ni ẹ máa wí.

Baálé mi, sọ ọ́ o,

— Wéréǹdé.

Ta ló kọ́ ọ o?

— Wéréǹdé.

Ọmọ ń lọ lọ́wọ́ mi,

— Wéréǹdé.

Dárúkọ olóhun o,

— Wéréǹdé.

Ọ̀kẹ́rẹ́ fọwọ́ kan fìlà. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, wọ́n á gbà á. Ọmọ rẹ̀ ló ń kú lọ yẹn o, fìlà ló ń rò. Irú ìwà wo nìyẹn? Ìyàwó rẹ̀ tún un kọ, ó tún un kọ. Ìgbà tí ọmọ ò lè sunkún mọ́ ló tó lanu.

"Ìyá Abídèmí ni. Orí igi ni mo ti yọjú wò ó."

Ẹṣin ò dúró kí wọ́n rán òun. Ó fò jáde, ó gbé Ìyá Abídèmí wá lẹ́yìn, pẹ̀lú kèrègbè epo pupa lọ́wọ́ ìyá.

"Ṣé ẹ da omi àkọ́kọ́ nù?"

"Omi wo?"

Ó mirí. Ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ rọ epo sí lẹ́nu, torí òun ló rẹ̀ jù. Kò gbé e mì. Epo ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ jáde. Ìyá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó kù, ó ń rọ epo, wọ́n ń bì í jáde, wọ́n ń lajú. Gbogbo wọn ló yè, àfi ọ̀kan yẹn.

Ìyá Abídèmí wá kọjú sí Ọ̀kẹ́rẹ́. Kò pariwo.

"Ká ní o sọ̀ kalẹ̀ wá bi mí ni, ṣé mi ò ní sọ fún ọ? Ṣebí kí ìlú lè jẹun ni mo ṣe ń ṣe é. Ká ní o dárúkọ mi láàárọ̀, wọn ì bá ti bi mí kí wọ́n tó gbé ìkòkò kaná."

Ìyàwó rẹ̀ bọ́ fìlà yẹn lórí rẹ̀, ó sọ ọ́ sílẹ̀, ó gbé òkú ọmọ rẹ̀ lọ.

— Ìyá àgbà, ọmọ yẹn ò jí mọ́?

Kò jí mọ́.

— Ẹ jẹ́ kó jí.

Mi ò ní jẹ́ kó jí. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín.

Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ti sá wọgbó. Bó bá rí ejò lónìí, ariwo ni. Bó bá rí ọdẹ, ariwo ni. Kò jẹ́ rí nǹkan kó pa á mọ́ra mọ́.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ká kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ò burú. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú un, ẹ dárúkọ olóhun. Bó bá jẹ́ inú ìwé ni, ẹ kọ orúkọ ìwé, ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ yín ló rò ó, ẹ wí pé òun ni. Ẹ ò gbọdọ̀ fi orúkọ yín bo tẹlòmíràn mọ́lẹ̀.

Ibi tí mo bá àlọ́ dé rèé. Kì í ṣe tèmi. Ẹnu ìyá tó bí mi, Fádérera, ni mo ti gbọ́ ọ níbi tá a ti ń yan ẹ̀pà. Òun gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọdẹ́wálé. Bí mo bá jí i pè ní tèmi, kí ahọ́n mi wúwo lọ́jọ́ tí mo bá ní ẹjọ́ láti rò.

Ó yá. Bí ẹ bá pa á fún àwọn ẹlòmíràn lọ́la, ẹnu ta lẹ máa ní ẹ ti gbọ́ ọ?

— Ẹnu ìyá àgbà!

Ìyá àgbà wo? Ìyá àgbà pọ̀ ládùúgbò yìí. Orúkọ mi ni mò ń bi yín.

Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti ń pàlọ́ fún yín, kò sẹ́ni tó bi mí.

Àwẹ̀ró ni. Ẹ wí i kí n gbọ́.