Ohun Tí Ewúrẹ́ Ń Rún Lẹ́nu

Nígbà láéláé, nígbà tí ewúrẹ́ ṣì ń jẹun lẹ́ẹ̀kan tó sì parí síbẹ̀, Ìyá Ewúrẹ́ kan wà tó láhun ju ahun lọ.

Àṣà ìlú ni pé ẹni tí a bá bá nídìí oúnjẹ gbọ́dọ̀ ní, "Ẹ wá bá wa jẹ ẹ́." Àlejò tó mọ̀wàáhù yóò dáhùn pé, "Á gba ibi ire," yóò sì jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń wẹwọ́. Àwọn wọ̀nyẹn ni Ìyá Ewúrẹ́ ń bẹ̀rù. Bó bá ti gbúròó ẹsẹ̀, kì í rún oúnjẹ mọ́, á kàn gbé e mì ni.

Lọ́jọ́ kan, òun àti Àwẹ̀ró ọmọ rẹ̀ ń jẹ ewé ìyeyè, ni wọ́n bá rí Bàbá Òbúkọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ń bọ̀ wá tọrọ Àwẹ̀ró fún ọmọ rẹ̀.

"Yéè! Bó bá mọ̀ pé ahun ni mí, kò ní fẹ́ ọ mọ́," ni ìyá wí. "Gbé e mì kíá!"

Wọ́n gbé e mì lódindi.

Bàbá Òbúkọ jókòó. "Ìyá wa, a rí òdòdó kan nínú ọgbà yín."

Ìyá Ewúrẹ́ wo ọgbà, ó ń rò ó bóyá ó ku èyí tí òun kò tíì jẹ. Ibẹ̀ ni ikùn rẹ̀ ti kùn, tí ewé padà sẹ́nu rẹ̀. Kò lè tu ú lójú àna, kò sì ṣeé gbé mì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rún un.

"Ìyá wa, kí lẹ ń jẹ?"

Ojú tì í. Ó wo Àwẹ̀ró pé kó gba òun, àfi bí ẹnu ìyẹn náà ṣe ń lọ. Ni ẹ̀rín bá pa á.

"Bàbá, ẹ bá mi rẹ́rìn-ín o! Mo ń sá fún ẹni tó máa bá mi jẹ, ikùn mi náà kò bá mi jẹ. Kí n má baà pè yín ni mo ṣe gbé e mì. Ó dáa, ẹ wá bá wa jẹ ẹ́!"

"Á gba ibi ire!" Bàbá Òbúkọ sún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àgbọ̀n tirẹ̀ náà ti ń lọ sókè sódò. Ó tẹ orí ba. "Èèpo ẹ̀gẹ́ ni tèmi. Mo pàdé Àgùntàn lọ́nà."

"Ẹ máa mú Àwẹ̀ró lọ," ni ìyá wí. "Ilé ara rẹ̀ ló ń lọ."

Láti ọjọ́ náà ni ewúrẹ́ ti ń mú oúnjẹ padà sẹ́nu láti tún un rún, èyí tí à ń pè ní àpọ̀jẹ. Bẹ́ ẹ bá bá a lábẹ́ ìbòòji tó ń rún ẹnu, tí kò sí oúnjẹ níwájú rẹ̀, ẹ yára sọ pé, "Á gba ibi ire," kó tó pè yín.