Okùn Pupa Ọ̀tún, Okùn Pupa Òsì

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọdé tó wà lórí ẹní, ẹ sún mọ́ra. Ẹ̀yin àgbà tó fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ ṣáà máa gbọ́. Àlọ́ mi rìn kìtìkìtì, ó kọsẹ̀ lára òwú, ó ṣubú lu Ìjàpá ọkọ Yánníbo.

Ní ìgbà kan rí, òfì kan ṣoṣo ni gbogbo ẹranko fi ń hun aṣọ. Abẹ́ igi àràbà ló wà. Ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ahunṣọ méjì lè jókòó sí i, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Okùn mẹ́ta ló wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Fa funfun, òwú á gòkè. Fa dúdú, òwú á sọ̀ kalẹ̀. Fa pupa, ọ̀bẹ kékeré orí òfì á gé aṣọ tó ti parí, aṣọ á já bọ́. Bó ṣe rí lápá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ló rí lápá òsì. Baba Ọ̀yà, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, kì í wo okùn rárá. Ìka rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún kan, ikán jẹ ẹsẹ̀ òfì. Ìjàpá dìde, ó na ọrùn.

"Ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Ẹ ó rí òfì tí ẹ ò rí irú rẹ̀ rí."

Ó fi imọ̀ ọ̀pẹ yí òfì ká fún ọjọ́ méje. Nígbà tó ṣí i, òfì ń dán. Ó ti fi osùn kùn ún, ó ti so owó ẹyọ mọ́ orí rẹ̀. Gbogbo ẹranko pàtẹ́wọ́. Èmi náà ìbá pàtẹ́wọ́.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú Ìjàpá. Ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé, "Bí òfì bá yé gbogbo ayé, ta ni yóò wá sọ́dọ̀ mi? Bí kò bá yé wọn, iṣu wọn á máa fẹsẹ̀ rìn wá sílé mi."

Ló bá da okùn rú. Lápá ọ̀tún, funfun ṣì ń gbé òwú sókè. Lápá òsì, pupa ló ń gbé e sókè, funfun ló ń gé aṣọ. Dúdú ńkọ́? Lẹ́ẹ̀mejì lèèyàn á fà á lápá ọ̀tún, lẹ́ẹ̀mẹta lápá òsì.

Ehoro ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ mẹ́rin nígbà náà. Irun ara wọn kò tíì kún. Ọyẹ́ sì ń bọ̀. Ètè ti ń gbẹ, ewé ti ń já. Bí Ehoro kò bá rí aṣọ ìbora hun kí ọyẹ́ tó dé, òtútù á pa àwọn ọmọ náà.

Ó dé ìdí òfì. Baba Ọ̀yà ti jókòó lápá ọ̀tún, ó bá bọ́ sápá òsì. Ó gbé aṣọ tó ti hun díẹ̀ ṣáájú kọ́ ọ, ó fa funfun.

Gbì! Aṣọ já bọ́ sílẹ̀, ààbọ̀ rẹ̀ kò tíì pé.

"Yéè! Baba, mo fa funfun!"

"Funfun tèmi gòkè," ni Baba Ọ̀yà wí.

"Tèmi gé e!"

"Ìyá Ọmọ, bóyá o ò rí oorun sùn ni."

Ehoro sáré lọ bá Ìjàpá. Ìjàpá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń họ iṣu sísun.

"Ìbéèrè kan, iṣu kan," ló wí.

Ehoro gbé iṣu wá. Ìjàpá ní, "Lápá òsì, pupa ni kó o fà." Ehoro padà, pupa gbé òwú sókè. Ó fa dúdú, dúdú kò mira. Ó tún gbé iṣu. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni." Ó padà. Nígbà tí ọjà márùn-ún fi máa pé, Ìjàpá ti yọ́ lọ pààrọ̀ okùn lẹ́ẹ̀mejì. Àlàyé àná ti di irọ́ lónìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ṣẹ́ ọwọ́ rí, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Ìka a máa rántí. Bí ìka bá rántí, tí irinṣẹ́ sì ń parọ́ fún un, ara kì í balẹ̀ mọ́. Ehoro á jókòó, á dìde. Á na ọwọ́, á fà á padà. Kó tó fa okùn kan, á kọ́kọ́ di ojú. Orin tó ń kọ kò dọ́gba mọ́. Ẹ bá mi gbè é:

Funfun gòkè o.
*Kẹ̀rẹ̀kẹ̀.*
Dúdú sọ̀ kalẹ̀.
*Kẹ̀rẹ̀kẹ̀.*
Pupa ń gbé e ni, àbí pupa ń gé e?
*Kẹ̀rẹ̀kẹ̀, n ò mọ̀.*

Lọ́jọ́ kan, aṣọ ku ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Iṣu Ehoro ti tán. Ó sáré lọ fún ọmọ lọ́mú. Baba Ọ̀yà ń tòògbé. Ìjàpá rí àyè. "Jẹ́ n yí i padà lẹ́ẹ̀kan sí i," ló wí fún ara rẹ̀. Ó dojú sókè sábẹ́ òfì, ó ki ọrùn bọ àárín òwú kó lè rí ibi tí okùn dúdú gbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ okùn kan. Ó jà, okùn fà, òwú pa dé mọ́ ọn lọ́rùn! Okùn yòókù wé e lẹ́sẹ̀. Ìjàpá ń rọ̀ dirodiro, àyà lókè, ẹ̀yìn nísàlẹ̀.

"Ẹ gbà mí o!"

Ehoro sáré dé. Baba Ọ̀yà ta jí.

"Okùn wo ni ká fà?"

"Pupa! Pupa!"

"Pupa ọ̀tún, àbí pupa òsì?"

"Ọ̀tún!"

"Ọ̀tún tìrẹ, àbí ọ̀tún tiwa? Ìwọ lo dojú sókè."

Ìjàpá wo ọwọ́ rẹ̀ kan, ó wo èkejì. Baba Ọ̀yà fa ọ̀kan. Òwú tún fún un lọ́rùn sí i.

"Yéè! Kì í ṣe ìyẹn! Ẹ fa dúdú!"

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

Ìjàpá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka. Ó kà á dé mẹ́ta, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"N ò rántí."

Baba Ọ̀yà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ká kúkú fi ọ̀bẹ gé aṣọ náà."

Ehoro wo aṣọ. Atẹ́gùn kan kọjá, ó tutù, eruku wà nínú rẹ̀.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e. Á tú. Kí ni n ó fi bo ọmọ?"

"Ẹ̀mí mi ńkọ́, Ìyá Ọmọ?" ni Ìjàpá kígbe.

"Ẹ̀mí rẹ wà nínú igbá tó le, Alábahun. Tàwọn ọmọ mi kò ní igbá kankan."

Ó tú gbogbo okùn aláwọ̀ kúrò níbi tí Ìjàpá so wọ́n mọ́. Ó so funfun méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì: èyí á gbé òwú sókè. Ó so dúdú méjì: ìyẹn á sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó so pupa méjì: ìyẹn nìkan ni yóò gé aṣọ. Òun àti Baba Ọ̀yà jókòó, wọ́n ń hunṣọ lọ, ọrùn Ìjàpá wà láàárín òwú. Òwú gòkè, orí Ìjàpá yọ síta. Òwú sọ̀ kalẹ̀, orí wọlé. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀! Ó yọ. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀! Ó wọlé. Títí aṣọ fi parí.

Ìgbà náà ni wọ́n tó tú Ìjàpá sílẹ̀. Ọyẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ó bá ọmọ mẹ́rin lábẹ́ aṣọ, wọ́n ń sùn. Ìjàpá délé. Yánníbo bi í pé, "Kí ló ṣe ọ́?" Ó fẹ́ ṣàlàyé, orí rẹ̀ wọlé. Ó yọ ọ́. Ó tún wọlé. Bẹ́ẹ̀ ló wà di òní.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ohun tí gbogbo ayé ń lò, kí ẹni tó ń tún un ṣe má sọ àmì kan di ọ̀nà méjì. Ẹni tó bá fi ìrújú wá oúnjẹ, ìrújú náà ni yóò so ó lọ́rùn. Ẹni tó bá ní mo parọ́, kó lọ wo ọrùn Ìjàpá lọ́la.